Ẹgbẹ́ Oníbàálù Wo Ló Ń Dé Èkó?

Calgary, Kánádà
14 Oṣù Kìn-ín-ní, 2024

Mọ́mì mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ á ti máa la ètè yín ní Ajégúnlẹ̀. Níbí, yìnyín bo gíláàsì ọkọ̀ mi débi pé mo máa ń fi ìdajì wákàtí ha á kí n tó lè lọ síbi iṣẹ́. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí mo fi ránṣẹ́, àbí ẹ tún ti kó o fún ẹlòmíì?

Ẹ ní kí n máa kọ lẹ́tà dípò kí n máa pè yín, torí pé lórí fóònù, òjò àti oúnjẹ nìkan la máa ń bi ara wa. Ó dáa, lẹ́tà rè é, mo fi ránṣẹ́ sórí kọ̀m̀pútà yín.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni mò ń tún ṣe, láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn. Lọ́dún tó kọjá, ìgbà mọ́kànlélógójì ni mo wọ bàálù. Mo kà á. Ní báyìí, ọ̀gá mi ní kí oníkálukú wa wọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kó tó di òpin oṣù kẹrin, kí a má sì yà kúrò nínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ló wà níwájú mi. Tí mo bá wọ ọ̀kan, tí mo sì ṣe dáadáa, wọ́n á sọ mí di fàdákà. Tí mo bá tún tẹ̀síwájú, mo lè di wúrà. Àwọn tó ti di wúrà ní yàrá tiwọn tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ wọ̀. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n èwo ni kí n wọ̀? Ẹ bá mi rò ó, kí ẹ sì fi sínú àdúrà.

Ọmọ yín,
Morádéún


Ajégúnlẹ̀, Apápá
29 Oṣù Kìn-ín-ní, 2024

Morádéún, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Orúnkún ń ṣe é díẹ̀díẹ̀. Oògùn wà nínú dúrọ́ọ̀, mi ò fún ẹnì kankan. Ṣé ara tìrẹ le?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Lẹ́yìn ìgbà kejì, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Irú ẹgbẹ́ wo lo fẹ́ wọ̀? Inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti tọ́ ọ. Bàbá rẹ, Dáhùnsí, títí ó fi kú, ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ àwọn awakíréènì wọ́ọ̀fù nìkan ló bá pé jọ. Wọ́n á sọ ọ́ di fàdákà, wọ́n á sọ ọ́ di wúrà, yàrá kan wà tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ wọ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ yà kúrò! Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń kọ sí ìyá rẹ̀ nìyẹn? Mi ò fi lẹ́tà náà han pásítọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ ná.

Efe tó gba yàrá iwájú, èyí tó ń wa tírélà, ló rí ojú mi lójúde tó bi mí pé kí ló dé. Mo ka lẹ́tà náà sí i létí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Mama, no be cult o. Na plane people." Ó ní àwọn tó ni bàálù ló ń ṣe ẹgbẹ́ náà.

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì yé mi. Kí ni àwọn oníbàálù ń fi ẹgbẹ́ ṣe? Ṣé wọn kì í bá ara wọn du èrò ni? Ìwọ tí o kò ní bàálù, kí lo ń wá láàárín wọn? Fàdákà tí wọ́n fẹ́ fún ọ yẹn ńkọ́, ṣé èyí tí a lè gbé dání ni? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Apápá. Ohun tí kò bá yé mi kì í jẹ́ kí n gbádùn. Dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ìyá rẹ,
Morìnsọ́lá


Calgary
11 Oṣù Kejì, 2024

Mọ́mì mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà ojú tì mí. Kò sí ìbúra nínú ẹ̀ rárá. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Efe.

Bó ṣe rí nìyí. Kò sí ilé iṣẹ́ bàálù kan tó lè dá nìkan dé gbogbo ìlú tó wà láyé, ni wọ́n bá para pọ̀. Èyí tó ń fò ní Kánádà á gbé èrò dé ibì kan, èyí tó ń fò ní Áfíríkà á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni, àpótí náà á sì máa tẹ̀lé èrò lọ. Ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta ló wà, ṣùgbọ́n méjì ló wúlò fún mi níbi tí mò ń gbé. Mo so orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì mọ́ lẹ́tà yìí.

Oníbàárà lásán ni èmi. Nígbàkúùgbà tí mo bá bá wọn fò, wọ́n á kọ máìlì, ìyẹn bí ọ̀nà tí mo fò ṣe jìn tó, sí orúkọ mi nínú ìwé wọn. Ọ́fíìsì ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tèmi ni máìlì ń jẹ́. Tó bá pọ̀ tó, èèyàn lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Fàdákà àti wúrà kàn jẹ́ orúkọ káàdì. Ẹni tó bá ní káàdì wúrà ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè wọ bàálù. Yàrá tí mo sọ yẹn, ibi ìsinmi ni, oúnjẹ àti àga tìmùtìmù ló kún ibẹ̀.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni pé ẹgbẹ́ kejì máa ń tètè fúnni ní wúrà, àga wọn sì gbayì. Àwọn ará ọ́fíìsì mi ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ kìíní ní bàálù tó pọ̀ jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí èèyàn tó rí ojú rere wọn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n kó máìlì jọ kí n fi gbé yín wá wo yìnyín. Tí mo bá lọ sí ẹgbẹ́ kejì, orí àga tó ń nà gbalaja bíi bẹ́ẹ̀dì lẹ máa sùn dé ọ̀dọ̀ mi.

Kò ní pẹ́ jù ṣá, torí máìlì máa ń kú. Tí èèyàn ò bá lò ó, tí kò sì fi kún un fún ìgbà kan, wọ́n á pa á rẹ́.

Ọmọ yín,
Morádéún


Ajégúnlẹ̀
2 Oṣù Kẹta, 2024

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O ṣeun. Ó yé mi ju bí o ṣe rò lọ. Ní ọ́fíìsì wa, èmi ni mo máa ń tẹ ìwé ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta lè pín ọkọ̀ ojú omi kan lò. Orúkọ ti ọ̀kan á wà lára kọ̀ǹténà, inú ọkọ̀ ti òmíràn ni kọ̀ǹténà náà á bá dé. Tí oníbàárà bá sì wọlé wá, kì í bi wá pé ọkọ̀ ta ló lẹ́wà jù. Á ní, "Ìyáàfin, ọjọ́ wo ló ń dé? Ṣé Apápá ló ń já a sí, àbí Kùtọnu?"

Nítorí náà mo tẹ orúkọ tí o fi ránṣẹ́ sórí ìwé kan, ẹgbẹ́ kìíní lápá ọ̀tún, ẹgbẹ́ kejì lápá òsì. Mo sọ fún Efe pé mo fẹ́ lọ sí ẹ́pọ́ọ̀tù lọ wo àwọn tó ń dé Èkó. Tírélà rẹ̀ ti wà lórí ìlà ní èbúté Tin Can fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sì tíì kàn án, ẹni tí wọ́n jọ ń wà á ló ń bá a ṣọ́ ọ. Ó wò mí. "Mama, you for just check am for phone now." Mo ní fóònù ò ní ojú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, ká máa lọ.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo ti dúró síbi tí àwọn èrò ń gbà jáde. Pátákó ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń kọ orúkọ bàálù bí wọ́n ṣe ń balẹ̀. Mo mú bírò, mo ń fàmì sí i. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Chinwe lorúkọ ẹ̀, wá bá mi.

"Mama, who you dey wait for?"

Mo ní mi ò dúró de ẹnì kankan, bàálù ni mò ń kà.

Ó wo ìwé mi, ó wo ojú mi. Mo ṣàlàyé pé ọmọ mi fẹ́ yan ẹgbẹ́. Ló bá lọ gbé àga wá. Ó fi ìka tọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí ìwé mi, ó ń sọ èyí tó ń wá lójoojúmọ́ fún mi àti èyí tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọmọ dáadáa ni.

Títí di aago márùn-ún, mẹ́rin balẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kìíní, méjì nínú ẹgbẹ́ kejì. Àwọn tó kù ò sí nínú èyíkéyìí. Ìdáhùn rẹ nìyẹn, mo rò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ọkùnrin kan jáde wá, oníṣòwò páàtì ọkọ̀ ni, Okechukwu lorúkọ ẹ̀. Mo rí àmì kan lára àpótí rẹ̀ tí kò sí lára tàwọn yòókù, mo sì bi í pé kí ni. Ó ní àmì àwọn oníwúrà ni. Inú mi dùn! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ fi máìlì yín ṣe?" Ó mi orí. Ó ní òun tọ́jú ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, òun ń dúró de ohun ńlá tí òun máa fi ṣe. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kọ̀wé sí òun pé gbogbo ẹ̀ ti kú. Ó ní ó dun òun ju owó lọ.

Mo ń ronú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn títí mo fi délé. Ìwọ ńkọ́? O sọ ikú máìlì bí ẹni tó ti rí i rí. Ṣé tìrẹ ti kú rí ni?

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Mo ní mi ò dúró de ẹnì kankan, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí, ṣe ni mò ń dìde.

Èmi ìyá rẹ,
Morìnsọ́lá


Ajégúnlẹ̀
7 Oṣù Kẹrin, 2024

Morádéún,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, o ò dá mi lóhùn. Mo pè ọ́, o ní o wà níbi iṣẹ́. Mo tún pè, o ní òtútù ń mú ọ. Ṣé ẹ́pọ́ọ̀tù tí mo lọ ló bí ọ nínú? Efe ló gbé mi lọ, òun náà ló gbé mi bọ̀, mo sì jẹun kí n tó jáde. Àbí ohun tí mo bi ọ́ ni?

Mi ò fẹ́ káàdì wúrà. Lẹ́tà ni mo fẹ́.

Ìyá rẹ


Calgary
21 Oṣù Kẹrin, 2024

Mọ́mì,

Mo kúnlẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì pa á rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni. Tèmi ti kú rí.

Ẹ rántí pé ní oṣù kẹfà ọdún 2020, mo bá Dádì sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí àìsàn wọn le. Mo ní, "Dádì, ẹ dúró dè mí. Wọ́n á ṣí ẹ́pọ́ọ̀tù, Disẹ́ńbà ni mò ń bọ̀." Wọ́n ní ó dáa. Oṣù keje ni wọ́n kú. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú bàbá mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ tán.

Nígbà tó di ọdún 2022, máìlì mi ti tó gbé mi wá sílé lọ́fẹ̀ẹ́, àlọ àtàbọ̀. Mo ṣí kọ̀m̀pútà, mo mú ọjọ́. Ó ku kí n tẹ orúkọ mi. Mo wá ń rò ó pé màá wọlé, màá sì rí àga Dádì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹnì kankan ò ní sí lórí ẹ̀. Mo pa kọ̀m̀pútà dé. Mo sọ fún ara mi pé tó bá di oṣù tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ títí ọdún fi yí po. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé sí mi pé máìlì mi ti kú. Ṣé ẹ mọ ohun tó burú jù? Ara tù mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ ṣáá pé kí ẹ̀yin wá wo yìnyín. Tí ẹ bá wá, mi ò ní láti wá. Ẹ̀yin lẹ lọ jókòó sí ẹ́pọ́ọ̀tù látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ nítorí mi, èmi tí mo ti jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì ilé kú mọ́ mi lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn sí yín?

Morádéún


Ajégúnlẹ̀
24 Oṣù Kẹrin, 2024

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo bínú. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Láti ọdún mẹ́rin yìí ni mo ti ń gbọ́ pé o fò lọ síhìn-ín, o fò lọ sọ́hùn-ún, tí mo ń bi ara mi pé ṣé ojú ọ̀nà ilé nìkan ni bàálù ò mọ̀ ni. Mo sunkún lánàá. Nígbà tó yá, mo bọ́jú, mo jókòó sídìí kọ̀m̀pútà, torí ohun kan wà tí o kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí o bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ yẹn, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Morìn, ọmọ yẹn rò pé èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀run dání." Ó wá ní kí n bá òun mú ìwé àwòrán ayé tí o lò níléèwé. Ó gba rúlà lọ́wọ́ mi, ó fi wọn ibi tí o wà dé Èkó. Ó ń bi mí léèrè: "Ibo ni bàálù náà ti máa ń yà? Ṣé orí omi ló ń gbà, àbí orí aṣálẹ̀? Ẹni tó ń wà á, ṣé ó máa ń sinmi?" Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa kíréènì, kò sì rí bàálù fínnífínní rí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń bi mí ní ìbéèrè lójoojúmọ́. Kò dúró dè ọ́ pẹ̀lú ìbínú, Morádéún. Ó ń tọ ọ̀nà rẹ lórí ìwé.

Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Mi ò sọ ọ́ jáde rí pé kí o wá. Mo ń rò ó pé tí mo bá pè ọ́, ó lè jẹ́ pé nítorí ojúṣe lo fi máa wá, mo fẹ́ kó jẹ́ pé ó wù ọ́. Àwa méjèèjì ń dúró de ara wa.

Àga náà ṣì wà níbẹ̀. Efe ló máa ń jókòó lé e tó bá wá bá mi wo bọ́ọ̀lù, ó sì ti kán ọwọ́ àga náà kan. Má bẹ̀rù àga.

Yan ẹgbẹ́ tó bá wù ọ́. Mo ti ṣe ìwádìí tèmi.

Ìyá rẹ,
Morìnsọ́lá


Calgary
29 Oṣù Kẹrin, 2024

Mọ́mì mi,

Mo sọ ti ìwé àwòrán ayé yẹn fún ẹnì kan níbi iṣẹ́, kò sì yé e ìdí tí mo fi ń sunkún tí mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti yan ẹgbẹ́ kìíní. Àwọn ará ọ́fíìsì ní mo sọ wúrà nù. Mo ní ẹgbẹ́ tí mo wọ̀ ń gbé bàálù mẹ́rin dé Èkó láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, ìyá mi ló kà wọ́n.

Mo wádìí ohun kan tó máa wù yín. Kò pọn dandan kí n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí mò ń bá fò níbí. Mo lè wọ bàálù ti ọ̀kan, kí n ní kí wọ́n kọ máìlì mi sínú ìwé ti òmíràn nínú ẹgbẹ́ náà. Òfin wọn ò dọ́gba. Mo ka ti ilé iṣẹ́ mẹ́fà, mo sì mú èyí tó ń jẹ́ kí ẹbí da máìlì wọn pọ̀ sójú kan.

Ṣùgbọ́n mi ò dúró de máìlì. Mo ti fi owó oṣù mi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ ni mò ń balẹ̀, aago kan ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màá lò. Mo ti tẹ orúkọ mi, Mọ́mì.

Ọmọ yín,
Morádéún


Ajégúnlẹ̀
6 Oṣù Kẹwàá, 2024

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé o ti bọ́ sí ẹnu iṣẹ́ dáadáa? Ilé dákẹ́ láti ìgbà tí o ti lọ, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yìí ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo tún lọ síbi sàréè bàbá rẹ ní Sátidé, mo tu koríko ibẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí a jọ lọ, bí o ṣe bi mí pé ṣé kí o sọ̀rọ̀ sókè ni àbí nínú, tí mo ní kí o sọ ọ́ bí o ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lo máa sọ fún odindi wákàtí kan! Ó dájú pé á ti máa bi ọ́ ní ìbéèrè.

Gbọ́ ohun tí mo ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe pásípọ́ọ̀tù. Mi ò sọ fún ọ tẹ́lẹ̀, kí o má bàa ní kí n ní sùúrù. Ọkùnrin tó ń kọ orúkọ ní, "Mama, níbo lẹ fẹ́ lọ ní ọjọ́ orí yìí?" Mo ní, "Mi ò tíì mọ gbogbo ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé ojú sókè kí wọ́n yà mí. Mo na ọrùn, mo wo kámẹ́rà tààrà.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí kọ̀m̀pútà, mo lọ sójú ewé ilé iṣẹ́ bàálù tí o forúkọ sílẹ̀ sí. Èmi náà forúkọ sílẹ̀. Èmi ni mo dá tẹ gbogbo ẹ̀, kò sí ẹni tó ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní nọ́mbà gígùn kan, wọ́n kọ orúkọ mi síwájú rẹ̀, Morìnsọ́lá Akínsànyà. Wọ́n wá kọ máìlì tí mo ní sábẹ́ ẹ̀, òdo.

Mo jókòó, mo ń wo òdo náà. Ó pẹ́ kí n tó dìde. Ó dùn mọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bébà tuntun sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, tí mi ò tíì tẹ nǹkan kan sí i.

Sọ fún mi, Morádéún, tí bàálù bá ti gbéra, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn wo ilẹ̀? Ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi Apápá ti ń dúró de àyè lórí òkun, ṣé mo lè rí i láti òkè? Ta ni mo máa bẹ̀ kí wọ́n tó fún mi ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé?

Èmi ìyá rẹ,
Morìnsọ́lá